Ihò Tí Irun Orí Ò Lè Wọ̀

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ ní Ìdó-Èkìtì.
Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tí ọyẹ́ mú.
Mo fi ẹ̀mú yọ asẹ́ kan nínú páálí:
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ,
ó fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà.
Mo gbé e sókè sí iná, mi ò rí ihò kankan.
Ihò wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye,
irun orí kan ṣoṣo kò lè wọ ọ̀kan nínú wọn.

Ìyá mi ní asẹ́ tirẹ̀ nílé, ní Ìlúpéjú.
Tó bá ń fi í jọ gàrí,
èyí tó kúnná a jábọ́,
èyí tó le a ṣẹ́kù, a di ti ewúrẹ́.
Mo ti rò pé bákan náà ni ti ẹ̀jẹ̀,
pé ohun tó bá kéré ló ń rí ọ̀nà lọ.
Irọ́ ni.

Mo gún ìka ara mi, mo kán an sí i, mo fojú lé awò.
Wọ́n dé ẹnu ihò. Ẹnu ọ̀nà kò tó ìbú ara wọn.
Mo ní wọn yóò padà.
Ọ̀kan dúró, bí ẹni tó ń ronú,
ó ká ara rẹ̀ bí ẹní,
ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́,
ó yọ́ wọlé bí ọmọ tó pẹ́ níta
tó ń kọjá níwájú yàrá baba rẹ̀.
Ní òdìkejì ó tún tẹ́ bí àwo,
àfi bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Dókítà Ọ̀ṣuntúyì ti sọ fún wa nígbà kan:
pupa ò ní kókó nínú,
inú mùdùnmúdùn ló ti sọ ẹrù kalẹ̀
kó tó bọ́ sójú ọ̀nà.
Funfun ló ń ru tirẹ̀ kiri.
Mo rí ọ̀kan tó ń fi èjìká ti ògiri,
bí obìnrin tó ru igi dé ẹnu ọ̀nà tóóró;
àwọn pupa tò sẹ́yìn rẹ̀,
wọn ò pariwo.

Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà ni mo kán ti Fálàdé.
Àbúrò mi ni, wọ́ọ̀dù ọkùnrin, bẹ́ẹ̀dì kẹrin,
fọ̀níkú-fọ̀ladìde, tí a bí mọ́ ọn.
Àwọn kan ṣì rọ̀, wọ́n ń kọjá.
Àwọn yòókù tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n sì gan,
bíi dòjé tí wọ́n fi ń gé ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ.
Dòjé kan dé ẹnu ihò, kò ṣeé ká.
Òmíràn kọlù ú. Òmíràn tún dé.
Ihò kan dí, méje dí,
mi ò kà mọ́.
Bó ṣe ń dí lójú mi yìí
ló ṣe ń dí nínú eegun ìtan rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Níbi tí mo ti yẹ kí n kọ ìṣẹ́jú, mo fa ìlà.

Bàbá wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì,
a máa ní ọmọ ilẹ̀ olókè kì í tẹ̀.
“Ta ló rí Olósùnta tó bẹ̀rẹ̀ rí?”
Bí Fálàdé bá ń sunkún lóru,
a ní, “Le bí ọkùnrin.”
Ó le, Bàbá.
Ẹ wá wo bó ṣe le tó.

Ní ìdájí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù.
Ó wà níbẹ̀, ọkùnrin gíga yẹn,
ó ká ara rẹ̀ sórí àpótí kékeré
tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé bàtà lé,
orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n,
ó ń fọwọ́ pa ìtan ọmọ rẹ̀.
“Pẹ̀lẹ́,” ló ń wí.
“Ké e. Bó ṣe ń dùn ọ́ tó ni kí o ké e.”

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Mi ò tíì wọlé.